Ọ̀nà Olókùúta ti Òkè Sukur

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n tẹ ìlú dó sí orí òkè ní orílẹ̀-èdè wa, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ogun. A ó ní ogun ni ó lé wọn gun òkè. Àwa tí a gbọ́ ìtàn Olúmọ láti kékeré, tí a sì mọ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá di abẹ́ àpáta náà ní nǹkan bí ọdún 1830, a kì í ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a fi etí sí ìtàn òkè kan tí ó jìnnà réré sí Olúmọ, ní apá àríwá-ìlà-oòrùn, níbi tí ààlà wa ti pàdé ti Kamẹrúùnù. Sukur ni orúkọ rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Madagali ní Ìpínlẹ̀ Adamawa ni Sukur wà, lórí ọ̀wọ́ òkè tí a ń pè ní Mandara. Ibi pẹrẹsẹ tí ó wà lórí òkè náà fi nǹkan bí 1,000 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ẹni tí ó bá kúrò ní Yola yóò gba Mubi, yóò gba Michika, kí ó tó dé Madagali. Láti ibẹ̀ yóò yà sí ọ̀nà Mildo, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ní ọdún 1999 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ Sukur sínú ìwé ogún àgbáyé. Ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba irú ọlá bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà ṣáájú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó gba tirẹ̀ ní ọdún 2005. Síbẹ̀, bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ní ọjà, a lè ṣàìrí ẹyọ kan tí ó mọ̀ bóyá Sukur jẹ́ orúkọ ènìyàn tàbí ti oúnjẹ.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2008, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin pinnu láti gun òkè náà. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ olùkọ́ ìtàn láti Zaria. Èkejì jẹ́ ọmọ Ìgbò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ṣíṣe. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Bura, òun ni ó ń bá wa gbúfọ̀. Èmi ni mo ṣe ìkẹrin. Láti Mubi ni olùkọ́ náà ti ń sọ fún wa pé ahoro ni a ń lọ wò. Ó ti kà nípa ìjọba ńlá kan tí ó wà níbẹ̀ rí, tí ògo rẹ̀ sì ti wọ̀ bí oòrùn.

Kí a tó rìn jìnnà ni a ti rí i pé ọ̀nà tí a ń gbà kì í ṣe ipa ẹsẹ̀ lásán. Òkúta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́ sí i, ọ̀kan ti èkejì, láìsí amọ̀, láìsí sìmẹ́ńtì. Níbi tí òkè bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀nà náà a di àtẹ̀gùn tí ẹni tí ó ru ẹrù lè gbé ẹsẹ̀ lé láìmí gúlegúle. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́ díẹ̀, a tún fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀rẹ́ wa tí ń ṣe ọ̀nà lóṣòó, ó ti ìka bọ àárín òkúta méjì, ó wò ó títí. Nígbà tí ó dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ó ṣe ọ̀nà yìí kò fẹ́ kí àlejò ṣubú.”

Olùkọ́ náà dá a lóhùn pé àwọn tí ogun lé gun òkè ni wọ́n ṣe é. Ọmọ Ìgbò náà rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá tíṣà,” ni ó wí, “bí mo bá ń sá fún ọ, ṣé n ó tún tẹ́ ẹní sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ títí dé ẹnu ọ̀nà mi?”

Ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ẹni tí ń sá pamọ́ a máa pa ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́ ni. A fi ẹ̀gún dí ojú ọ̀nà, a fi òkúta ńlá sí ibi tí ọ̀tá yóò gbà. Àwọn ará Sukur kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi agbára àti àkókò tí ó pọ̀ tẹ́ ọ̀nà láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ dé orí òkè, ọ̀nà náà kò sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà lórí òkè tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń wá, tí àwọn ará òkè pẹ̀lú sì fẹ́ kí wọ́n wá rà.

Irin ni nǹkan náà.

Òjò tí ń rọ̀ sórí àpáta àwọn òkè Mandara a máa fọ iyanrìn dúdú kan jáde, èyí tí ó wúwo ju iyanrìn ìyókù lọ. Yóò kó jọ sí ojú odò kéékèèké àti sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ibi tí omi ti ṣàn kọjá. Inú iyanrìn yìí ni irin wà. Wọn a gbá a jọ, wọn a fi omi fọ̀ ọ́ títí yóò fi ku èyí tí ó wúwo nìkan, wọn a sì fi í pamọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà náà ni wọn yóò wá èédú púpọ̀, tí wọn yóò sì dá iná sí iléru amọ̀. Iléru tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ ní ibi púpọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ní ìsàlẹ̀. Ní ti Sukur àti àwọn aládùúgbò wọn lórí òkè Mandara, òkè iléru ni ẹni tí ń fẹ́ ẹwìrì jókòó sí. Ìfófó amọ̀ gígùn kan ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ láàárín iná. Bí iná ti ń jó ni ẹnu ìfófó náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọn yóò fi fẹ́ ẹwìrì láìdúró, ẹni kan a gbà á lọ́wọ́ ẹni kejì, kí irin tó dì sí ìdí iléru náà.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ní Sukur, àwọn alágbẹ̀dẹ jẹ́ ìdílé ọ̀tọ̀. Àwọn ni wọ́n ń rọ ọkọ́ àti ọ̀bẹ, àwọn ni wọ́n ń sin òkú, àwọn ìyàwó wọn ni wọ́n sì ń mọ ìkòkò. Wọn kì í bá àwọn ìdílé yòókù fẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yíyọ irin láti inú iyanrìn kì í ṣe tiwọn nìkan. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iléru tirẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Àgbẹ̀ tí ó bá kórè ọkà bàbà rẹ̀ tán, irin ni yóò kọjú sí. Ó jẹ́ ìlú kan tí gbogbo ilé rẹ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́, kí a tó gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ní ilẹ̀ yìí. Irin tí wọ́n bá yọ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ di ọ̀pá kéékèèké tí ó dàbí owó, tí wọ́n fi ń ṣe ìdána, tí wọ́n fi ń ra ohun tí òkè kò ní, tí àwọn oníṣòwò sì ń gbé lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, títí kan ilẹ̀ Borno. Ọ̀nà olókùúta náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ. Ìdàrọ́ tí ó ṣẹ́kù lára irin yíyọ náà wà káàkiri títí di òní. Ìgbà mìíràn ènìyàn a rò pé òkúta ni òun tẹ̀, àfi bí ó bá gbé e tí ó rí i pé ihò wà lára rẹ̀ bí àkàrà.

Nígbà tí a gòkè dé ibi tí ó tẹ́jú, olùkọ́ wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ó rí kò bá ohun tí ó ń retí mu. Àfin Hidi, èyí tí í ṣe orúkọ oyè ọba wọn, wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú ògiri òkúta rẹ̀ tí a tò láìsí amọ̀ àti ẹnu ọ̀nà tí a fi àpáta ńláńlá ṣe. Ṣùgbọ́n ìyókù kì í ṣe ahoro. Láti ìsàlẹ̀ òkè dé òkè ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ ní àkàsọ̀ àkàsọ̀, tí wọ́n fi òkúta gbá etí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òjò má baà gbá erùpẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń gbin ọkà bàbà àti jéró sí i. Nínú agbo ilé ni ihò tí a fi òkúta mọ wà, ibi tí wọ́n ti ń bọ́ akọ màlúù sanra. Akọ màlúù náà kì í jáde. Oúnjẹ ni wọ́n ń gbé tọ̀ ọ́ lọ títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Olùkọ́ náà ní kí ọ̀rẹ́ wa ọmọ Bura bá òun bi bàbá arúgbó kan léèrè ibi tí ahoro náà wà. Bàbá náà wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì tún tẹ̀ síwájú láti máa tún òkúta oko rẹ̀ tò. Ọ̀rẹ́ wa túmọ̀ rẹ̀ pé, “Bàbá ní àwọn kò ní ọ̀kankan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè dúró, omi wà.”

Níbo ni olùkọ́ wa ti rí ọ̀rọ̀ ìjọba ńlá tí ó wó? Kì í ṣe òun ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1851, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì kan, Heinrich Barth, kọjá ní ẹ̀bá àwọn òkè wọ̀nyí nígbà tí ó ń lọ sí Yola. Kò gun òkè Sukur, ṣùgbọ́n ó gbọ́ nípa olórí alágbára kan tí kò sin ẹnikẹ́ni, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1960, A. H. M. Kirk-Greene, tí ó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá, kọ àròkọ kan nínú èyí tí ó pe ìjọba Sukur ní Ikabodu ti ilẹ̀ Àríwá. Àwọn tí wọ́n mọ Bíbélì mọ ìtumọ̀ orúkọ náà: ògo ti lọ. Àròkọ náà dára, ó sì jẹ́ kí ayé mọ̀ pé Sukur wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ó di àṣà pé kí a máa wo Sukur bí ẹni tí ń wo sàréè.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni Nicholas David àti Judy Sterner, onímọ̀ méjì láti Yunifásítì Calgary ní Kánádà, lọ bá àwọn ará Sukur gbé láti mọ ìtàn wọn. Àbájáde iṣẹ́ wọn ni pé kò dájú pé ọba Sukur fi ìgbà kan jẹ́ olúwa lórí ilẹ̀ gbígbòòrò. Ọ̀wọ̀ tí àwọn aládùúgbò ní fún un pọ̀, ipò rẹ̀ nínú ètùtù sì ga. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí orúkọ Sukur kàn ni irin àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìlú. Àwọn kan lè rò pé èyí bu Sukur kù. Ní tèmi, ó gbé e ga. Ọba tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin pọ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlú tí gbogbo ilé rẹ̀ mọ bí a ti ń sọ iyanrìn di ọkọ́ kò pọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ahoro gan-an, kí ó wo òdìkejì ààlà. Lórí òkè Mandara kan náà, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ibi mẹ́rìndínlógún wà tí a ti rí ògiri òkúta ńláńlá, pèpéle àti àtẹ̀gùn, tí wọ́n ti wà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn Mafa tí ń gbé ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Diy-Gid-Biy, èyí tí í ṣe ahoro ilé olórí. Ní ọdún 2025 ni UNESCO kọ àwọn náà sínú ìwé ogún àgbáyé. Ẹni tí ó bá fi òkúta ibẹ̀ wé ti Sukur yóò rí i pé ọgbọ́n ìtòkúta kì í ṣe àjèjì sí àwọn òkè wọ̀nyí.

A kò gbọdọ̀ tìtorí pé Sukur kì í ṣe ìlú ìsáǹsá kí a wá sọ pé ogun kò dé ibẹ̀. Ó dé, ó sì burú. Ní ọdún 1902 ni àwọn ará Jámánì, tí wọ́n gba Kamẹrúùnù nígbà náà, fi Hamman Yaji jẹ olórí Madagali ní ìsàlẹ̀ òkè. Ọkùnrin yìí kọ́lé sí ara iṣẹ́ ìkónilẹ́rú. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ìyanu nínú ìtàn ni pé ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lédè Lárúbáwá, láti ọdún 1912 títí di 1927, lọ́jọ́ dé ọjọ́: ìlú tí ó rán àwọn èèyàn rẹ̀ sí, iye ẹni tí wọ́n mú, iye màlúù, iye òkú. A tẹ ìwé náà jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1995. Orúkọ Sukur fara hàn nínú rẹ̀ léraléra. Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sí àánú. Bí akọ̀wé ọjà tí ń ka iye ẹ̀pà ni ó ṣe kọ ọ́. Àwọn ará Jámánì wà níbẹ̀, àwọn Faransé dé lẹ́yìn wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lẹ́yìn Faransé, iṣẹ́ ọkùnrin náà sì ń bá a lọ, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi yọ ọ́ lóyè ní ọdún 1927. Ẹ jẹ́ kí a fiyè sí ọdún náà. Àwọn tí a bí ní Èkó ní ọdún yẹn gbé ayé rí ìgbà tí wọ́n gbé ènìyàn lọ sínú òṣùpá.

Ọ̀nà dáradára tí irin ń gbà sọ̀kalẹ̀ ni àwọn tí ń kóni lẹ́rú lè gbà gòkè. Kò sì ṣòro láti rò ó pé díẹ̀ nínú irin tí àwọn baba wọn ti tà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran ni ó padà wá bá wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kọ̀ àti idà. Síbẹ̀, àwọn ará Sukur kò wú òkúta ọ̀nà wọn.

Ohun tí ogun kò lè pa, ọjà pa á. Irin òyìnbó àti àjákù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, wọ́n pọ̀, owó wọn kò sì wọ́n. Alágbẹ̀dẹ kò ní láti dúró de iléru mọ́. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1960, iná iléru ti kú ní Sukur. Ìgbà kan náà ni ìjọba ń yí padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe àkóso apá àríwá Kamẹrúùnù tí ó wà ní ọwọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè fi sí ìkáwọ́ wọn. Ní November 1959 ni a bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè nípa ìbò bóyá wọ́n fẹ́ bá Nàìjíríà lọ; wọ́n ní kí a ṣì fi í sílẹ̀ ná. Ní February 1961, a tún bi wọ́n, wọ́n sì gbà. Ní June 1, 1961, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, ni Sukur di ti Nàìjíríà. Àwa yòókù ni Gẹ̀ẹ́sì so pọ̀ láìbéèrè. Àwọn àti àwọn aládùúgbò wọn ni a bi léèrè, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dìbò pé àwọn yóò jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2014 dunni jù. Ní August ọdún náà, àwọn Boko Haram gba Gwoza, wọ́n gba Madagali. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sá gun àwọn òkè Mandara, láìní oúnjẹ, láìní aṣọ òtútù. Bẹ́ẹ̀ ni òkè di ibi ìsádi lójú wa kòrókòró, ọ̀nà olókùúta sì gba àwọn tí kò wá ra irin. Ṣùgbọ́n ní December, àwọn apànìyàn náà gun òkè Sukur fúnra rẹ̀. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sun ilé. Koríko tí a fi bo òrùlé jó. Òkúta kò jó. Ó di ọdún 2015 kí àwọn ọmọ ogun wa tó gba ìlú Madagali àti Gwoza padà.

Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn ará Sukur padà síbi oko wọn. Oko olókùúta kì í dúró de olówó rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún òjò ọdún kan, etí rẹ̀ a yẹ̀, erùpẹ̀ a sì máa bá omi lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, olóko a gun àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, a ṣa òkúta tí ó ti ṣubú, a yẹ̀ ẹ́ wò, a sì dá a padà sí ààyè rẹ̀, kí ó tó mú ọkọ́ láti gbin ọkà bàbà.